Òkúta Wẹ́wẹ́ Lójú Gíláàsì Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ gíláàsì iwájú mọ́tò ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí obìnrin kan lójú mi lọ́nà Bìní sí Òrè, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń wakọ̀ kò mọ ibi tí ewu rẹ̀ wà gan-an.

Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Wàrí, yanrìn àti ẹrẹ̀ ni yóò bá. Bí ó gbẹ́ ẹ títí ó fi kan omi, kò ní rí òkúta kan tí ọmọdé lè jù lu ẹyẹ, nítorí pé odò ló kó ilẹ̀ ibí yìí jọ. Gbogbo òkúta tí wọ́n fi ń ṣe títì àti èyí tí wọ́n fi ń po kọnkéré, ọkọ̀ ńlá ló ń kó o wá láti òkè, láti agbègbè Ìgárá ní Àkókó-Ẹdó, àti láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí wọ́n ti ń kó o bọ̀ ni díẹ̀díẹ̀ ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ará Ùròbò ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkúta tó fọ́ gíláàsì wọn, ará ilé mi ni, kí wọ́n má bínú sí i. Wọ́n á ní àwọn mọ̀, pé kò síbi tí Yorùbá kì í dé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ ní Wàrí ní 1978, tí ilé iṣẹ́ irin sì tẹ̀ lé e ní Aládjà ní 1982, ọ̀pọ̀ wa ló ti fi ibí ṣe ilé.

Yanrìn ní tirẹ̀, ọmọ ibí ni. Wọ́n ń wà á nínú odò, típà ń gbé e gba Ẹ́fúrùn kọjá láàárọ̀ lálẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fi nǹkan kan bò ó. Ẹ bá rìn lẹ́yìn irú típà bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lára gíláàsì yín bí ìgbà tí òjò wẹ́wẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo lórí òkun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí omi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí ilẹ̀. Nígbà tí owó wọlé, ó ra Ford Mustang tòkúnbọ̀ kan, pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì péré. Ìyá rẹ̀ yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè pé ibo ni èrò ẹ̀yìn ń gbà wọlé. Kò sí ẹni tó fún un lésì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń rí màbo lójú ọ̀nà tiwa. Ó sún mọ́ ilẹ̀, nítorí náà òkúta tí táyà ẹlòmíràn bá ta sókè kì í rìn jìnnà kí ó tó dé ojú rẹ̀. Eré rẹ̀ sì tún ńkọ́? Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí òkúta fi ń gbá gíláàsì di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá sì ra ọkọ̀ eré, kò rà á kó lè máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ̀lé tírélà lẹ́yìn.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó rà á tí òkúta fi bà á lọ́nà Ùghẹ́lì. Tó! Lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ibi tó bà fọ́n ká bí ìràwọ̀, kò tóbi ju èékánná lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Gíláàsì iwájú mọ́tò kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, wọ́n fi ike tín-ínrín kan sáàárín. Ará Faransé kan, Edouard Benedictus, ló ronú kan irú rẹ̀. Wọ́n ní ní 1903, ìgò kan já bọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sán ṣùgbọ́n kò túká, nítorí pé nǹkan olómi tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn nínú. Ní 1909 ló gbàwé àṣẹ lórí rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí gíláàsì iwájú fọ́n sí wa lójú lónìí bí nǹkan bá gbá a. Òkúta tó ba Mustang yẹn, awẹ́ òde nìkan ló dé.

Bí irú èyí bá ṣe yín, ẹ tètè fi sẹ́lótéèpù funfun lẹ ojú rẹ̀ kí omi àti ìdọ̀tí má bàa wọ ibẹ̀. Ẹ má rọ súpà gúlù sí i, ohun yòówù kí ọmọ mẹkáníìkì sọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, yóò ti oje kan wọ inú rẹ̀, yóò sì tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i kí ó le. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, oòrùn lóde àti ẹ̀rọ amúlétutù nínú ọkọ̀ yóò máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi sán láti ìhín dé ọ̀hún. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba mọ̀ ọ́n: bí ohun tó ba gíláàsì bá ju mìlímítà 10 lọ níwájú awakọ̀ gan-an, tàbí 40 níbi yòókù tí wáípà ń nù, ọkọ̀ yẹn kò ní yege ìdánwò MOT. Ọmọ wa tún tirẹ̀ ṣe ní Ẹ́fúrùn, iṣẹ́ náà mọ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Gbogbo ojú ló wà lára ìràwọ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó wo ìyókù gíláàsì.

Ọjọ́ ìdána rẹ̀ kù ọ̀la. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn àna. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti bá bọ́ọ̀sì lọ láàárọ̀, ṣùgbọ́n hẹlikópítà tó ń gbé e bọ̀ láti orí omi pẹ́ kó tó balẹ̀ ní Òsùbí. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ó dá lọ. Nígbà tí a fi máa jáde ní Bìní, agogo márùn-ún ti kọjá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé láti Bìní lọ sí Òrè, ìwọ̀ oòrùn lèèyàn ń kọjú sí. A dé itòsí Òfòsù, oòrùn sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú gíláàsì tààrà.

Ó funfun báláú. Bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ funfun síwájú wa ni. Mo rò pé ojú àgbà mi ni, mo yọjú sí gíláàsì ẹ̀gbẹ́, mo rí obìnrin kan tó ru igi ìdáná, ó ti wà láàárín títì.

“Dúró! Èèyàn nìyẹn!”

Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ké, ó fì, ó dúró. Obìnrin yẹn wò wá, ó tún igi orí rẹ̀ ṣe, ó kọjá. Ọmọ náà gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀. “Dádì, mi ò rí i. Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò rí i rárá.”

A gbé ọkọ̀ kúrò lọ́nà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo wá sọ̀ kalẹ̀ wo gíláàsì náà. Ó rí bí ojú ẹni tí ilẹ̀gbóná bá jà. Ihò tín-tìn-tín, kò níye, kò sí èyí tó tó orí abẹ́rẹ́. Yanrìn le ju gíláàsì lọ, ìdí nìyẹn tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi ń bu tirẹ̀ lọ bó ṣe ń bà á. Bí wáípà bá sì ń nù ún ní gbígbẹ nígbà ọyẹ́, ó ń fi ìlà kún ihò. Lọ́sàn-án gangan, ojú wa ń wo ọ̀nà, kò wo gíláàsì, nítorí náà a kì í rí wọn. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kọjú sí wa, oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàbí iná tírélà lóru, ni ihò kọ̀ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ káàkiri. Gíláàsì Mustang tún tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ̀yìn ti àga, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ ní ìdagun, ìyẹn sì ń mú un burú sí i. Kò sí fífọ̀ tó ń mú un kúrò, oje kò sì lè dí i. Pípààrọ̀ ni.

Ó fẹ́ kí á máa lọ. Ó ní oòrùn yóò wọ̀ láìpẹ́. Mo ní bí oòrùn bá wọ̀, iná tírélà ló kàn. Ó ní ìdána òun ni o, Dádì. Mo ní mo mọ̀. A rọra fà á dé Òrè, a sùn síbẹ̀, mo sì fóònù bàbá ìyàwó fúnra mi. Ohùn wọn kò kọ́kọ́ dùn. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá láàyè.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la gbéra. A gba Oǹdó, a gba Ifẹ̀, oòrùn wà lápá ọ̀tún wa. A pẹ́ dé, alága ìjókòó sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa láìṣàánú. Mo san nínú rẹ̀.

Nígbà tí a padà sí Wàrí, ó wá gíláàsì lọ sí ọjà. Ti Corolla pọ̀ bí ilẹ̀, ti Mustang kò wọ́pọ̀. Tòkúnbọ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti jàǹbá ni wọ́n sábà ń gbé wá, òun náà sì ti jẹ yanrìn ibòmíràn kó tó dé ibí. Mo ti sọ fún un kó má wò ó lábẹ́ ìbòòji. Ó dúró títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n gbé e síta kọjú sí oòrùn. Ó kọ àkọ́kọ́, ó kọ ìkejì. Nígbà tó ní kí wọ́n gbé ìkẹta jáde, ẹni tó ń tà á nu òógùn ojú rẹ̀, ó wò ó tìyanutìyanu: “Oga, na glass you wan buy, abi na sun?”