Títún Ọkọ̀ Ẹni Ṣe

Ní Odò-Ẹrẹ̀, ní ilẹ̀ Yàgbà, oko ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù, kì í ṣe alagbalúgbú omi. Ọmọ ibẹ̀ mọ bí a ti ń kọ ebè, ó mọ bí a ti ń pọ́n àdá, ó sì mọ bí a ti ń gbẹ́ èrúkọ́ tuntun nígbà tí ti àtijọ́ bá dá. Kò sí àgbẹ̀ tí í ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ nítorí pé ọkọ́ yọ lára èrúkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ kan láti ìlú náà di ẹni tí ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí, ìgbàgbé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀.

Tíṣà ni ọkùnrin náà. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ó fi díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ọkọ̀ pákó kan tí ó ní ìbòrí, tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ ní ìdí. Kò rà á láti fi ṣòwò. Ó rà á kí ó lè máa fi gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré lórí omi. Bí ọkọ̀ náà bá ní àléébù, mẹkáníìkì ni ó ń pè. Kì í bèèrè ohun tí ó bàjẹ́, kì í sì í wo bí a ti ń tún un ṣe.

Ní ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí odò kún dé ẹnu, ó gbé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ kan jáde. Ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó ní, "Bàbá, omi tín-ínrín tí ń tú jáde lára ẹ́ńjìnnì ti dá." Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà jíjó fi gba inú ọkọ̀ kan. Ẹ́ńjìnnì han lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Ìṣàn omi gbé wọn bí ewé. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọkọ̀. Tọkọtaya náà ń gbà á wà fún ara wọn títí wọ́n fi sún mọ́ etídò, níbi tí àgbà apẹja Tápà kan ti ju okùn sí wọn, tí ó sì fà wọ́n gúnlẹ̀.

Bàbá apẹja náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì fa ọ̀rá omi kan yọ. Ọ̀rá yìí ni ó dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tí ń mú un tutù. Bàbá ní, "Tíṣà, ẹ́ńjìnnì rẹ ti sọ̀rọ̀, ìwọ ni o kò gbọ́ èdè rẹ̀." Tíṣà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi ní èdè náà."

Báyìí ni olùkọ́ ṣe tún di ọmọ ilé-ìwé. Ó kọ́ pé kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan wà nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ń fa omi sókè. Bí kò bá rí omi fà, kíákíá ni ó ń jó. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń yọ pílọ́ọ̀gì, tí a ń nu ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó kọ́ pé bí ọ́ìlì inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Ó kọ́ láti máa sẹ́ epo bẹntiróòlù kí ó tó rọ ọ́, àti láti jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí inú ọkọ̀ dáadáa kí ó tó ṣí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ooru epo wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń ba sí, tí ó ń retí iná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò fà, ó wọ́ ọkọ̀ gun orí yanrìn, ó ha ìdí rẹ̀, ó fi òwú ki àlàfo àárín pákó, ó sì fi ọ̀dà dí i.

Ṣùgbọ́n bàbá apẹja kò jẹ́ kí ó gbéra ga. Nígbà tí Tíṣà rí i pé pákó tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ ti ń jẹrà, ó fẹ́ fi ìṣó kàn án pọ̀. Bàbá kọ̀ fún un. Ó ní, "Ìṣó kì í wo igi jíjẹrà sàn. Pe gbẹ́nàgbẹ́nà." Tíṣà sì pè é, ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, ó dúró tì í, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

Ó wá rántí ìtàn kan tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ rí. Ní ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring gun Odò Ọya. Baikie ni olórí ìrìn-àjò náà, Samuel Ajayi Crowther sì wà lára àwọn tí ó lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, ọkọ̀ náà forí sọ àpáta ní ẹ̀bá Jẹ́bà, ó sì fọ́. Kò sí òòlù tí ó lè tún un ṣe mọ́. Àwọn èrò rẹ̀ pàgọ́ sí etídò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Glover, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba Èkó lẹ́yìn náà, ni ó la ilẹ̀ Yorùbá já lọ sí Èkó láti wá ohun tí wọn yóò lò. Nígbà tí Tíṣà ro èyí, ó ra àjẹ̀ kejì, okùn gígùn, àti ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó fún olúkúlùkù. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ rẹ̀ tún ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé ọjọ́ kan lè dé tí àtúnṣe kò ní ṣeé ṣe.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá fẹ́ ṣíkọ̀, ọmọ-ọmọ náà ni ó ń jókòó sẹ́yìn, tí ó tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá rẹ̀ àgbà kì í tú okùn ọkọ̀ títí ọmọ náà yóò fi wí pé, "Ó ń tú, Bàbá."