Ewé Ẹ̀rọ̀ Nínú Bàsíà



Nígbà tí mo ń kọ́fá ní Kúta níbí, a kì í rìn jìnnà ká tó rí ewé ẹ̀rọ̀. Rinrin wà nídìí àmù, òdúndún wà lẹ́bàá ògiri, tẹ̀tẹ̀ wà lórí ààtàn. Nísinsìnyí sìmẹ́ńtì ti bo ẹ̀yìnkùlé. Ibi tó kù, oògùn tó ń pa koríko ni wọ́n ń fín sí i. Ewé tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti kàn, ta ló máa gbo ó sómi fún aláboyún? Èmi ò jẹ́ ṣe é.

Lọ́jọ́ kan mo rán ọmọ ọmọ mi kó já rinrin wá, efinrin ló já. Kò kúkú rí rinrin rí ni.

Bàsíà tó ti ń jò tó yín. Ẹ lu ìdí rẹ̀ kómi lè máa ṣàn, kí ẹ bu ilẹ̀ dúdú sí i. Ẹ fọ́n èso tẹ̀tẹ̀ sójú rẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó, torí èso kékeré ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó ti tó já. Òdúndún ní tiẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ lẹ ó rì mọ́lẹ̀; ẹ má fomi pa á. Rinrin ń fẹ́ ìbòòji àti ilẹ̀ tútù. Ẹ hú u tòun tilẹ̀ ìdí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa bomi rin ín. Ewé tọ́mọdé bá fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, kò ní ṣì í já.

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀ka òdúndún, kó yà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá. N ò gbowó.

Àbọyè bọ ṣíṣẹ.