Dùrù Àjòjì ní Ajégúnlẹ̀

Nínú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá wáfù Àpápá, níbi tí ọjà tókunbọ̀ kún dé òrùlé, ni mo ti kọ́kọ́ fojú kan dùrù náà. Láàárín fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ó dúró sí, bí ọmọ ọba tí ogun kó. Ìjọ wa ní Ajégúnlẹ̀ ló rán mi níṣẹ́, nítorí èmi ni mò ń tẹ dùrù fún wọn, owó tí mo sì fẹ́ ná jẹ́ owó tí àwọn ìyá ọjà Boundary àti àwọn alágbàṣe wáfù fi ọdún mẹ́rin tu jọ. Orúkọ tí a fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ sára ìdérí rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Nígbà tí mo sì yọjú wo inú rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni mo bá lára irin ńlá ibẹ̀, kò sí orúkọ ìlú, kò sí orúkọ baba.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bechstein ti Berlin, Blüthner ti Leipzig àti Steinway ti New York, ọdún kan náà, 1853, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó bá sì rí orúkọ wọn lára dùrù ti mọ ìdílé tí òun ń bá dána. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò òkè òkun ti ń ra dùrù lọ́wọ́ ẹni tó kàn án, tí wọ́n ń lẹ orúkọ tó wù wọ́n mọ́ ọn lára. Síbẹ̀, kò sí orúkọ tí kò ní ọjọ́ ìkómọ: nígbà tí Torakusu Yamaha kan dùrù ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Japan ní 1887, ta ló mọ̀ ọ́n ní Èkó?

Ajégúnlẹ̀, ebúté tí ajé gúnlẹ̀ sí, tí àlejò gúnlẹ̀ sí, kì í bi Ìlàjẹ, Ùròbò tàbí Ìgbò ní orúkọ baba rẹ̀ kí ó tó fún un ní yàrá. Ṣùgbọ́n ayálégbé kọ́ ni à ń wá, ìyàwó ni, èyí tí yóò bá wa kó ọmọ jáde, tí yóò sì bá wa sin òkú wa. Ekúndayọ̀ Phillips tẹ dùrù ní Kàtídírà Marina láti 1914 di 1962, abẹ́ rẹ̀ sì ni Fẹlá Ṣówándé, gbajúmọ̀ olórin, ti kọ́ṣẹ́. Bí irú Ṣówándé bá wà lára àwọn ọmọ tó ń ti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Tolú wá sí ìjọ wa, kíbọ́ọ̀dù tí à ń lò, tí ó ń yadi nígbàkúùgbà tí iná bá lọ kò lè fi í hàn.

Mo mú bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún ohùn dùrù ṣe dání padà lọ sí ilé ìkẹ́rùsí náà. Kò tilẹ̀ wo orúkọ wúrà náà. Ó ní, “Ọmọ mi, orúkọ kọ́ ni yóò di okùn mú nígbà òjò.” Nǹkan bí 230 okùn irin ló wà nínú dùrù, agbára tí gbogbo wọn fi ń fà ju tọ́ọ̀nù 15 lọ, ìṣó irin tí a gbá wọ inú igi ni wọ́n sì rọ̀ mọ́, igi tí a gé nílẹ̀ òtútù yóò mu ọ̀rinrin òkun wa yó, ọyẹ́ yóò tún dé, yóò gbẹ ẹ́, bí ihò ìṣó bá sì fẹ̀, ohùn yóò wálẹ̀. Mo rántí dùrù olórúkọ ńlá kan tí ìjọ mìíràn rà, tí ìṣó rẹ̀ ń mì bí eyín ọmọ ọlọ́dún méje, tí kò sì la òjò kan já. Bàbá fi sípánà rẹ̀ gbọ́n gbogbo ìṣó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tan iná sí pákó ẹ̀yìn, ó ní mẹ́ta péré ló dẹ̀, òun yóò fi èyí tó nípọn ju tàtijọ́ lọ rọ́pò wọn.

A san àsansílẹ̀, a ní kí ọlọ́jà fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà kò kéré. Nígbà tí Bàbá padà wò ó, ohùn tó fi sílẹ̀ ni ó bá. A san ìyókù, a sì ya owó àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sọ́tọ̀. Apá òsì pẹpẹ ni dùrù náà wà báyìí, orúkọ wúrà náà sì ṣì wà lára rẹ̀.