Ọ̀sà Korle ní Accra

Ọ̀sà Korle wà ní ìwọ̀-oòrùn Accra àtijọ́, níbi tí odò Odaw ti ń já sí òkun. Ní apá kan rẹ̀ ni James Town àti Ussher Town wà, àwọn àdúgbò tí ó dàgbà jù nínú ìlú. Ní òdìkejì ni Korle Gonno àti Korle Bu, tí wọ́n ti ara ọ̀sà gba orúkọ. Omi rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò jìn. Yanrìn etíkun ló pààlà láàárín òun àti òkun: bí òkun bá kún, omi iyọ̀ a wọlé, bí ó bá fà, omi dúdú a tú jáde sí etíkun. Láti ẹsẹ̀ òkè Akwapim ni Odaw ti ń bọ̀, ó sì la Accra já, tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú àgbàrá ìlú ńlá yìí fi ń parí ìrìn rẹ̀ sínú Korle.

Lójú àwọn Ga, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀, òrìṣà obìnrin ni Korle, òun ni wọ́n sì gbà pé ó ni ilẹ̀ Accra. Nai ni òkun, òun sì ni àgbà. Sakumo ni jagunjagun tí ń ṣọ́ ìlú. Olúkúlùkù wọn ní àwòrò tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní wulomo, ẹni tí aṣọ funfun jẹ́ àmì oyè rẹ̀. Ilé Onamroko ní àdúgbò Gbese ni wulomo Korle ti ń jáde. Kí àwọn Ga tó ní ọba, àwọn àwòrò yìí ló ń ṣàkóso, ipò wọn kò sì tíì parẹ́: ilé Onamroko wà lára àwọn tí ẹjọ́ ilẹ̀ Accra máa ń kàn títí di òní.

Kò yẹ kí gbogbo èyí ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ga kan tilẹ̀ so orírun wọn mọ́ Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn mìíràn, tí ó súnmọ́ àkọsílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ti Alata, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Ga méje, tí ó wà ní James Town. Àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti agbègbè Allada, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé olódi James Fort ní nǹkan bí ọdún 1673, ni wọ́n sọ pé ó tẹ̀ ẹ́ dó. Alata yìí náà ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ará Gánà ń pe Yorùbá tó wá ṣòwò lọ́dọ̀ wọn.

Ìlànà ọdún kan ló so ọ̀sà, òkun àti oko pọ̀. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, àwọn wulomo a gbin jéró ìsìn, kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀, wulomo òrìṣà tí ń jẹ́ Dantu ló sì máa ń ṣíwájú. Lẹ́yìn èyí, ìlù lílù àti ariwo di èèwọ̀ ní Accra fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, kí ohun ọ̀gbìn lè hù ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní oṣù kẹjọ ni ọdún Homowo, tí wọ́n fi ń fi ebi ṣẹ̀sín. Àwọn ìjòyè a máa wọ́n kpokpoi, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ọbẹ̀ ẹyìn jẹ, káàkiri ìlú fún àwọn òkú ọ̀run. Ní gbogbo ọdún, apẹja kì í gbé ọkọ̀ lọ sókun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èèwọ̀ ìlù ni ó le jù láti pa mọ́ nínú ìlú tí ó kún fún ṣọ́ọ̀ṣì onígbohùngbohùn. Ní ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ kọlu ìjọ kan ní Korle Gonno nítorí rẹ̀, ìjọba sì ní láti máa làjà láti ìgbà náà.

Òdìkejì ọ̀sà ni Gómìnà Guggisberg ti ṣí ilé ìwòsàn Korle Bu ní ọdún 1923. Ibẹ̀ ni Jàpáánì ti wọ inú ìtàn Korle. Ní ìparí ọdún 1927, Hideyo Noguchi, ará Jàpáánì tó ń ṣèwádìí fún Rockefeller Institute ní New York, dé Accra láti wá okùnfà ibà pọ́njú. Adrian Stokes, tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yábà ní Èkó, ti kú fún àìsàn náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Bakitéríà ni Noguchi gbà pé ó ń fà á. Fáírọ́ọ̀sì ni ìwádìí Yábà tọ́ka sí, òun sì ni ó tọ̀nà. Ní oṣù karùn-ún 1928 Noguchi lọ sí Èkó, àìsàn náà sì mú un. Ó kú ní Accra ní ọjọ́ 21 oṣù náà. William Young, olórí yàrá ìwádìí Accra, tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ilé ìwádìí tí ó ń jẹ́ orúkọ Noguchi ní yunifásítì Legon ni Jàpáánì ràn Gánà lọ́wọ́ láti dá sílẹ̀ ní ọdún 1979.

Nínú ẹ̀sìn Shinto ti ilẹ̀ Noguchi, omi ni a fi ń wẹ ara mọ́ kí a tó dé iwájú òrìṣà. Ní ojúbọ ńlá Ise, etí odò Isuzu ni àwọn olùjọsìn ti ń ṣan ọwọ́. Odò náà mọ́, ìdí rẹ̀ kò sì jẹ́ iṣẹ́ ìyanu: ojúbọ náà ló ni igbó tí odò ti ń ṣẹ̀ wá, igbó tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 5,500. Ẹni tó ń bọ omi ló ń ṣọ́ orísun rẹ̀.

Wulomo Korle kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí Odaw. Ọjà, ilé ìgbé àti ilé iṣẹ́ ni odò náà ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní etí ọ̀sà gan-an, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Old Fadama gbòòrò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, pàápàá nígbà tí ogun Konkomba àti Nanumba lé àwọn ènìyàn wá láti àríwá ní 1994. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní Agbogbloshie, àwọn ọ̀dọ́ ń tú àlòkù kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń sun wáyà láti yọ bàbà, títí ìjọba fi wó ọgbà iṣẹ́ wọn ní oṣù keje 2021. Ohun tó yẹ kí a rántí ni pé kì í ṣe àwọn tálákà etí omi nìkan ló dọ̀tí Korle. Ìdọ̀tí àwọn àdúgbò olówó náà ń bá gọ́tà wá.

Gbígbẹ́ ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú owó tí wọ́n yá láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti ọ̀rá ń padà wá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2015, omi bo ìlú, iná sì sọ ní ilé epo kan nítòsí Kwame Nkrumah Circle. Ó lé ní 150 ènìyàn tó kú. Ní 2019, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ètò tuntun kan. Yàtọ̀ sí gbígbẹ́ Odaw, ètò náà kan ìkójọ ìdọ̀tí àti àtúnṣe àwọn àdúgbò bíi Nima, tí gọ́tà wọn ń ṣàn wọ inú odò náà kí ó tó dé Korle.