Ọkọ̀ Àrà-Ọ̀tọ̀ àti Ọkọ̀ Ilé Tó Mọ Eré Í Sá: Ìjíròrò Ará-Ilé àti Arìnrìn-Àjò Tó Ti Jámánì Dé

Ọkọ̀ eré ni ọkọ̀ tí a ṣe nítorí eré sísá ju ẹrù gbígbé lọ, ṣùgbọ́n oríṣi méjì tí kò jọra ni orúkọ kan yìí bò mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló sì dá ìjíròrò yìí sílẹ̀. Oríṣi kìíní ni ọkọ̀ eré àrà-ọ̀tọ̀, irú èyí tí Ferrari ń ṣe ní Maranello tàbí èyí tí Lamborghini ń ṣe ní Sant'Agata Bolognese, ìlú méjèèjì ní Ítálì: ìjókòó méjì péré ló sábà máa ń ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn awakọ̀, ikùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀. Oríṣi kejì ni ọkọ̀ ilé tí a fi agbára ọkọ̀ eré sí nínú, ọkọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rin tó ní búùtù gidi, bíi M5 tí BMW ń ṣe, RS6 tí Audi ń ṣe, àti àwọn Mercedes tí AMG, ẹ̀ka ọkọ̀ eré ilé-iṣẹ́ náà, bá fọwọ́ kàn. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn tó ń jíròrò. Ẹ̀gbọ́n, tí a óò máa pè ní Ará-ilé, fi iṣẹ́ mẹkáníìkì jẹun ní Ìbàdàn títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì rìnrìn àjò kọjá Kútọnu rí. Àbúrò rẹ̀, tí a óò máa pè ní Arìnrìn-àjò, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Stuttgart dé ni, ìlú tí Porsche àti Mercedes fi ṣe ibùjókòó.

Ará-ilé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì fi ibi tó dúró sí pamọ́. Àwòrán Testarossa pupa kan, irú Ferrari tó jáde ní 1984, wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì gbà pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún lówó, tó wá lọ fi ra ọkọ̀ tó jọ ti olùkọ́ àti akọ̀wé, kò mọ ohun tí owó wà fún. "Àbúrò," ó ní, "ọkọ̀ tó bá jọ ti gbogbo ayé, ta ni yóò mọ̀ pé ó ń sáré?" Arìnrìn-àjò dáhùn pé ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ yóò mọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n fi àwòrán sílẹ̀ ná, kí wọ́n gbé òǹkà wá. Ferrari 458 Italia, tó jáde ní 2009, ní ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 570 (agbára ẹṣin ni òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ fi ń wọn iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe), bí ó bá sì gbéra láti orí ìdúró, ìṣẹ́jú-àáyá 3.4 ni yóò fi dé orí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan. BMW M5 tó dé ọjà ní 2018 ní agbára ẹṣin 600, 3.4 kan náà sì ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ènìyàn márùn-ún ló ń jókòó sínú rẹ̀, búùtù rẹ̀ gba ẹrù tó tó lítà 530, ó sì fi ohun tó lé ní 300 kìlógíráàmù wúwo ju Ferrari náà lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ló ń jọ Arìnrìn-àjò lójú: ọkọ̀ tó gbé bàbá, ìyá, ọmọ àti àpótí wọn, tó sì ń bá Ferrari dé 100 lẹ́ẹ̀kan náà.

Èsì tí Ará-ilé fọ̀ kì í ṣe èsì òpè. Ó ní ẹ́ńjìnnì 458 kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi èéfín tó ń jáde yí abẹ̀bẹ̀ kan kí afẹ́fẹ́ lè túbọ̀ rọ́ wọ inú sìlíńdà. M5 ní méjì. Bí tọ́bò ṣe ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára ló ń di èéfín lọ́nà, ohùn ẹ́ńjìnnì á sì fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀, nígbà tí ti 458 ń yí dé ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni kò dí i lẹ́nu. Ẹni tó bá fi òǹkà nìkan ra ọkọ̀, ó ní, ti gbàgbé pé Ọlọ́run dá etí. Ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, Arìnrìn-àjò kò sì rí èsì fún un, àfi pé ó yí ọ̀rọ̀ pa dà sí orí Testarossa tó wà lára ògiri, ó béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ táímìn-bẹ́líìtì rẹ̀. Bẹ́líìtì yìí ló ń jẹ́ kí fáàfù àti písítìnnì máa ṣí kí wọ́n sì máa gòkè lásìkò tó bára mu. Bí ó bá já, wọn yóò kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́. Nínú Testarossa, àti nínú F355 tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní 1994, odindi ẹ́ńjìnnì ni mẹkáníìkì ní láti sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè débi bẹ́líìtì náà, ìtọ́jú yìí sì ń wáyé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ díẹ̀, bí ọkọ̀ rìn, bí kò rìn. Ará-ilé, tó ti sọ ẹ́ńjìnnì tí kò lóǹkà kalẹ̀ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní iṣẹ́ ni, mẹkáníìkì kì í sì í sá fún iṣẹ́.

Àmọ́ ohun tó ya Arìnrìn-àjò lẹ́nu jù lọ ní Jámánì wà lára nọ́ńbà ọkọ̀. Ní etí ọ̀tún pátákó nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ kan, òǹkà kéékèèké méjì wà tí wọ́n to ọ̀kan lé èkejì lórí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì pààlà sí àárín wọn. Bí 04 bá wà lókè, tí 10 sì wà nísàlẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹwàá ni òfin gbà kí ọkọ̀ náà rìn. Saisonkennzeichen ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń yan àwọn oṣù náà fúnra rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ dín sí méjì, wọn kò sì gbọdọ̀ ju mọ́kànlá lọ. Iye oṣù tó bá yàn ni owó orí àti owó ìbánigbófò ọkọ̀ rẹ̀ yóò dá lé, bí àsìkò bá sì tún yí po, nọ́ńbà náà yóò jí fúnra rẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ tò sí ọ́fíìsì ìjọba. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti pé, ọkọ̀ náà kò tún gbọdọ̀ fi táyà kan títì ìjọba. Kódà kò gbọdọ̀ dúró jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì níwájú ilé olówó rẹ̀, inú ọgbà tàbí inú gáréèjì ni yóò wà títí ìgbà rẹ̀ yóò fi tún dé.

Onílé Arìnrìn-àjò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, Ferrari pupa, ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kẹwàá sì ni ọjọ́ ìtẹ́bùsùn rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni bàbá náà yóò ti fọ ọkọ̀, tí yóò fi ìda pa á lára, tí yóò bu epo kún táńkì dé ẹnu kí omi inú afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé, tí yóò fẹ́ táyà ju bó ti yẹ lọ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni yóò fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so bàtìrì mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan lára ògiri, iná aláwọ̀ ewé á tàn lára ẹ̀rọ náà, yóò wá fi aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n rán sí ìwọ̀n ọkọ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń fọ́n sí títì kí ó lè yọ́, iyọ̀ yìí sì ń jẹ irin, bẹ́ẹ̀ ni táyà fífẹ̀ tí wọ́n ṣe fún oòrùn ń gan nínú òtútù, kì í sì í di ilẹ̀ mú mọ́. Ní gbogbo oṣù márùn-ún yẹn, ọkọ̀ BMW onílẹ̀kùn mẹ́rin ni bàbá náà ń wà, òun ló ń gbé e lọ ra búrẹ́dì, tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tó sì ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀rín tí Ará-ilé rín sí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ débi pé ó di igbe. Ó béèrè bóyá àárẹ̀ ló ń ṣe ọkọ̀ náà tí wọ́n fi ń tẹ́ ẹ sùn, ó sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kò gbà á gbọ́, bóyá lóòótọ́ ni ọlọ́pàá lè mú ènìyàn nítorí oṣù. Nígbà tó ṣe, ó gba ti bàbá onílé náà rò. Ó ní sányán baba wọn wà nínú àpótí, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ọdún nìkan ló ń jáde, kò sì sí ẹni tó sọ pé baba ya òmùgọ̀ nítorí pé kò wọ̀ ọ́ lọ sóko. Ohun tó bá níyì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ibí yìí ni Arìnrìn-àjò ti fèsì tó gbóná jù lọ nínú gbogbo ìjíròrò náà. Ó ní sányán kì í bàjẹ́ nítorí pé ó sinmi, ṣùgbọ́n ìsinmi ni àìsàn ọkọ̀: róbà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ẹ́ńjìnnì á gbẹ, á sán, epo á dìdàkudà nínú táńkì, àwo búréèkì á dípẹtà, bàtìrì á kú bí iná ẹ̀rọ kékeré yẹn bá kú. Ó tún wá fi kún un pé ohun tó burú jù kò sí lára ọkọ̀, inú ẹni tó ni ín ló wà, nítorí pé kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá rìn ń dín iye tí yóò tà kù, olówó rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù láti wà á. Ìbẹ̀rù yìí ni ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ tọkàntọkàn kò lè fojúure wò: ẹ́ńjìnnì tí àwọn ọ̀jáfáfá ṣe láti kọrin, tí ẹnu rẹ̀ wá dí nítorí owó àtúntà.

Ará-ilé fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó bá sáà ti lówó lè ra èyíkéyìí tó bá wù ú. Arìnrìn-àjò ní rárá. Ferrari 13,663 péré ni ilé-iṣẹ́ náà fi lé oníbàárà lọ́wọ́ káàkiri ayé ní 2023, àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù lára wọn sì jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń yan ẹni tí yóò tà á fún. Ó wá mú ọ̀rọ̀ dé orí ibi tí ọkọ̀ oríṣi méjèèjì ti ń sáré ní Jámánì, Nürburgring. Pápá eré ọkọ̀ yìí, tó wà láàárín òkè àti igbó Eifel, ni wọ́n ṣí ní 1927, ọ̀nà àtijọ́ inú rẹ̀ sì gùn tó 20.8 kìlómítà, níbẹ̀ ni Niki Lauda, awakọ̀ eré Formula 1, ti jóná, tó sì kù díẹ̀ kó kú ní 1976, eré Formula 1 kò sì gba orí ọ̀nà àtijọ́ náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí kò bá sí ìdíje, ẹnikẹ́ni tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà lè sanwó níbodè kó sì wọlé, nítorí lójú òfin, títì olówó-ibodè ni. Ọ̀tún kò ṣeé gbà yọ síwájú, ẹni tó bá sì gbá irin etí ọ̀nà ni yóò san owó irin. Arìnrìn-àjò rí ọkọ̀ tó ní ìjókòó ọmọdé lẹ́yìn níbẹ̀, ó rí i tó wọlé, ó sì rí i tó jáde tí táyà rẹ̀ ń rùn. Sabine Schmitz, tó dàgbà ní abúlé Nürburg, tó sì jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ eré wákàtí 24 ibẹ̀, ní 1996 àti 1997, fi M5 onílẹ̀kùn mẹ́rin ṣe takisí lórí ọ̀nà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gbé èrò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Nínú Ferrari oníjókòó méjì, èrò kan ni ìbá máa gbé.

"Èwo wá ni ìwọ alára wà wálé?" ni Ará-ilé béèrè. Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin ni àbúrò òun ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Stuttgart, ó pàtẹ́wọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé Porsche, tó wá fi ẹsẹ̀ wọlé, ló ń yan ọkọ̀ fún olówó. Inú bí Arìnrìn-àjò. Ó ní Corolla ẹ̀gbọ́n òun náà kò lè fọ́nnu níbi tí M5 bá wà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ nǹkan tó nítumọ̀.

Ará-ilé ló mú ọ̀rọ̀ bọ̀ sípò, ó bi í léèrè bíi mẹkáníìkì pé kí ni àìsàn M5, nítorí kò sí ọkọ̀ tí kò ní tirẹ̀. Arìnrìn-àjò kò purọ́. Ó ní èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2005 àti 2010, onísìlíńdà mẹ́wàá, agbára ẹṣin 507, ni ohùn rẹ̀ dùn jù, òun náà ló sì ní bẹ́ríìnì kọ́nrọ́ọ̀dù tó máa ń jẹ kíákíá, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín ọ̀pá písítìnnì àti kíráńkì, ẹni tí kò bá sì tètè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á nọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ni mẹkáníìkì ti lè pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ará-ilé béèrè ẹni tí yóò gbé bẹ́ríìnì náà dé Ìbàdàn. Arìnrìn-àjò ní bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, òun yóò fi ránṣẹ́. Ará-ilé ní kó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́, kí bẹ́ríìnì máa tẹ̀ lé e bọ̀.