Ṣéènì Tí Ó Já Ní Ọ̀nà Sakété

Ìbejì ni àwa tí a ń kọ̀wé yìí. Ẹ má ṣe béèrè èwo nínú wa ni ó di kálámù mú, nítorí àwa méjèèjì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, àwa méjèèjì ni a sì jọ jẹ̀bi rẹ̀.

Ọdún 1984 ni. Àwọn tí wọ́n ti gbọ́n nígbà náà ní Àjàṣẹ́ kò lè gbàgbé ọdún yẹn, nítorí pé ní oṣù kẹrin rẹ̀ ni ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè wọn pa, wọn kò sì ṣí i títí di ọdún 1986. Epo tí ń ti ọ̀hún wá wọ́n, owó ọkọ̀ gun òkè, ohun èèlò kẹ̀kẹ́ pàápàá di ohun àwátì. Zémidjan kò tíì kún ìlú bí ó ti kún un lónìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn àgbà ìlú sì rántí taxi-kannan, kẹ̀kẹ́ tí ń gbé èrò àti ẹrù káàkiri Àjàṣẹ́ kí alùpùpù tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa pẹ̀lú ní kẹ̀kẹ́ kan tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Irin rẹ̀ wúwo, ó sì lágbára. Bíréèkì rẹ̀ wà nínú àyà táyà ẹ̀yìn: bí a bá yí pẹ́dààlì sẹ́yìn ni ó ń dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo tí ń dà wá láàmú lára rẹ̀ ni ṣéènì. (Àwọn tí wọ́n ka ìwé Faransé àti àwọn tí wọ́n ka ti Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà fẹnu kò ní ìlú wa, ṣùgbọ́n ṣéènì kan náà ni wọ́n jọ ń pe èyí.)

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ṣéènì náà ti ń sunkún. Bí a bá ń gun òkè, yóò máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, yóò sì yọ kúrò lórí eyín irin rẹ̀. A óò sọ̀kalẹ̀, a óò fi igi tì í padà, a óò nu ọwọ́ wa mọ́ koríko, a óò tún máa lọ. Níkẹyìn, a gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò wa. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n yọ ṣéènì náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó, wọ́n sì tẹ́ tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí a ka ọgọ́rùn-ún ojú lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye kan náà ni, síbẹ̀ tiwa fi ìbú àtàǹpàkò kan gùn ju tuntun lọ. A rò pé irin náà ni ó nà bí rọ́bà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní irin kò nà rárá; àwọn ìṣó kéékèèké tí ó so ojú kan mọ́ èkejì ni ó ń jẹ, tí ihò wọn sì ń fẹ̀. Bí ihò kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, kí ni ọgọ́rùn-ún ihò yóò dà? Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa pé kí a máa fi àkísà nu ṣéènì kí a tó kán òróró sí i, nítorí pé òróró tí a kán sórí yanrìn, ọlọ ni ó ń dà.

Inú ìwé ni a ti kà á lẹ́yìn náà pé Hans Renold, ọmọ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ni ó ṣe irú ṣéènì yìí jáde ní ọdún 1880. Lára kẹ̀kẹ́ òde òní, ìdajì íǹṣì ni ó wà láàárín ìṣó kan àti èkejì. Zémidjan tí ń sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín náà, ọ̀pọ̀ wọn, ṣéènì ni ó ń gbé wọn.

“Ẹ pààrọ̀ rẹ̀,” ni bàbá náà wí. Wọ́n fa táyà ẹ̀yìn dé òpin kí ṣéènì náà lè le fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì sọ iye tí tuntun jẹ́ fún wa. Owó ńlá ni, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnubodè.

A rí owó náà. Ìyá Sakété, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin tí wọ́n tọ́ wa dàgbà, ni wọ́n tú u láti etí aṣọ wọn fún wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ń bọ̀, àjọ̀dún Màríà Aláìlábàwọ́n tí katidírà wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin sì ti mú aṣọ. Ọ̀kan nínú wa sọ pé ṣéènì tí ó lo oṣù mẹ́ta yóò lo oṣù kan sí i. Èkejì kò bá a jiyàn. Títí di òní olónìí, a kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí ó sọ ọ́. Owó ṣéènì ni a fi san owó aṣọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ìránṣẹ́ dé láti Sakété pé ikọ́ fée tún ti mú Ìyá, oògùn wọn ti tán, a kò sì rí irú rẹ̀ rà nítòsí wọn. A sáré rà á ní Àjàṣẹ́. Sakété tó ọgbọ̀n kìlómítà sí wa, a kò sì rí ọkọ̀. A gun kẹ̀kẹ́ wa, ọ̀kan ń wà á, èkejì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú oògùn láyà.

A ti rìn tó ìdajì ọ̀nà. Bí a ti ń gun òkè kékeré kan láàárín oko ọ̀pẹ, ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ dìde dúró lórí pẹ́dààlì. Páà! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá nǹkan kan mọ́, orúnkún rẹ̀ gbá irin, àwa méjèèjì sì ṣubú sínú eruku pupa. Nígbà tí a wẹ̀yìn wò, ṣéènì wa nà sójú ọ̀nà bí ejò tí ọkọ̀ tẹ̀ pa. Oògùn ni a kọ́kọ́ fọwọ́ bà, kò fọ́. Lẹ́yìn náà ni a rántí bíréèkì, tí ara wa sì bù máṣọ. Ká ní ìgbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ òkè ni ṣéènì já, kò sí ohun tí ì bá dá kẹ̀kẹ́ yẹn dúró, nítorí ṣéènì náà ni ó ń mú bíréèkì rẹ̀ ṣiṣẹ́.

A jà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé ní kí Táyéwò máa fi ẹsẹ̀ lọ pẹ̀lú oògùn, nítorí pé òun ni a máa ń rán níṣẹ́ láti inú wá. Táyéwò ní iṣẹ́ tí òun jẹ́ láti inú wá ti tó. Nígbà tí ó ṣe, a yan igi ọ̀pẹ kan: bí oòrùn bá kan orí rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ kò tíì dára, kí Táyéwò máa lọ.

Sípánà kan àti pọ́ǹpù ni ó wà nínú àpò abẹ́ ìjókòó. Bàbá kan tí ń dá ẹmu nítòsí sọ̀ kalẹ̀ wá wò wá, wọ́n bá wa sọ Gùn, wọ́n sì mú ìṣó gígùn kan wá láti inú ahéré wọn. Wọ́n di ṣéènì mú lórí òkúta, àwa ń fi òkúta mìíràn lu ìṣó náà. Ojú tí ó ya ni a fẹ́ mú kúrò, ṣùgbọ́n kò ṣe é ṣe kí a mú ẹyọ kan ṣoṣo kúrò: ojú fífẹ̀ kan, ojú tín-ín-rín kan ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, méjì méjì ni a sì gbọ́dọ̀ mú wọn. Lẹ́ẹ̀kíní, a lu ìṣó kékeré náà jáde pátápátá, kò sì gbà láti wọlé mọ́. Ojú méjì ṣòfò. Lẹ́ẹ̀kejì, a fi ìbínú sílẹ̀, a rọra lù ú títí ó fi ku díẹ̀ kí ó jáde, a so ojú méjèèjì pọ̀, a sì lù ú padà. Ṣéènì wá kúrú, ṣùgbọ́n bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti fa táyà dé òpin ní ìjọsí. A tú nọ́ọ̀tì, a tì í síwájú, ó gbà. Oòrùn ti rọ̀ kọjá orí ọ̀pẹ náà. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́.

A kò dán an wò láti gbé ènìyàn méjì mọ́. Ọ̀kan ń gun kẹ̀kẹ́, èkejì ń sáré, a sì ń pààrọ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé. Ìyá jókòó, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún, èémí wọn ń dún bí fèrè. Wọ́n lo oògùn. A jókòó tì wọ́n, a kò lè sọ̀rọ̀. Ó di ọ̀gànjọ́ kí èémí náà tó rọlẹ̀, tí wọ́n sì wo ọwọ́ wa lábẹ́ àtùpà.

“Kí ló sọ ọwọ́ yín di dúdú báyìí?”

A ní ṣéènì ni ó já, Ìyá.

Wọ́n dákẹ́. “Owó ṣéènì tí mo fún yín ńkọ́?”

Kẹ́hìndé ni ó sọ ọ́, ní ohùn kékeré, pé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni a fi rà.

“Ẹ kú ọgbọ́n,” ni Ìyá wí. “Ẹ ò bá rí aṣọ wọ̀ síbi ìsìnkú mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi tún gbé wọn, tí ẹ̀rù sì tún bà wá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a ta aṣọ náà, a sì ra ṣéènì. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni a dúró sí láàárín àwọn akọrin, nínú aṣọ àtijọ́ wa. Ìyá wá sí Mísà láti Sakété. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí wa.