Ọmọ Ta Ni Ó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù fún Wa?

Ọ̀rọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni a sábà máa ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ni mo gbé wá lónìí. Kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí ó bá gba ọkàn àwọn ọmọ wa jù lọ, ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá lè fi Yorùbá jíròrò lé e lórí.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, bàbá ọmọ kan wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́ ní Ìkòròdú, níbi tí mo ti ń kọ́ni. Ìwé méjì ni ó dì mọ́wọ́. Èkíní jẹ́ ìwé àdéhùn tí ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù fún un. Èkejì jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, tí ó kù kí èmi olùkọ́ kíláàsì fọwọ́ sí, pé ọmọ náà ń wá sí ilé-ìwé déédéé. Bàbá náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Ó jọ pé Ọlọ́run ti fẹ́ gbọ́ tiwa." Mo ṣí rẹ́jísítà. Nínú ọjọ́ 48 tí a ti pe orúkọ ní sáà náà, ọjọ́ 17 péré ni a rí ọmọ rẹ̀. Orí pápá ni ó ti lo ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀pẹ́ ni a bí mi sí, ọmọ apẹja ni mí, bàbá mi ni ó sì kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù wíwò. Ọmọdé ni mí ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, tí ikọ̀ Nàìjíríà na Algeria ní ayò 3 sí òdo ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, tí a sì gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdí rédíò ni gbogbo agboolé wa jókòó sí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi ń tẹnu mọ́ ju ayò lọ ni pé, "Akọ̀wé ni wọ́n o." Kò parọ́. Ọdẹ́gbàmí kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pọ́lì Ìbàdàn; Adokiye Amiesimaka, tí òun náà wà nínú ikọ̀ ọdún yẹn, kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó. Lójú bàbá mi tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí, ẹsẹ̀ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ni ó tún ń gbé ènìyàn lọ sí kíláàsì.

Ilé-ìwé ni orísun bọ́ọ̀lù wa nígbà náà. Ta ni kò gbọ́ orúkọ St. Finbarr's ní Akọka, tí Fadá Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dá sílẹ̀ ní 1956? Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Ìdíje ife àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Principals' Cup, a máa kó èrò jọ bí ọjọ́ ọdún. Ní 1985, tí èmi náà wà ní ilé-ìwé girama, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà gba ife àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn tí kò tíì ju ọdún 16 lọ ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n ní ti ọjọ́ orí. Ó dà bí ẹni pé kíláàsì wa ni wọ́n ti dìde lọ.

Ìgbà ń yí padà. Ní 1992, ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí Pepsi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. John Obi Mikel wà lára àwọn tí ó ti ibẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, tí àwọn ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá sì ń fi pápá ilé-ìwé sílẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn yunifásítì náà kò gbẹ́yìn. Láti 1966 ni wọ́n ti ń pàdé nínú ìdíje NUGA, tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Eré akẹ́kọ̀ọ́ ni, ìdùnnú akẹ́kọ̀ọ́ sì ni. Nígbà tí ó di 2018, líìgì tí wọ́n ń pè ní HiFL dé, pẹ̀lú àwọn onígbọ̀wọ́ àti orúkọ ìnagijẹ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ alówó: UNILAG Marines, OAU Giants, UI Pioneers. UAM Tillers láti Makurdi ni ó gba ife àkọ́kọ́. Mo gbádùn rẹ̀, n kò purọ́. Síbẹ̀, mo ń bi ara mi pé, nígbà tí onígbọ̀wọ́ bá ti wọ pápá, ta ni olówó eré?

Ìlú Ìkòròdú mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2024, ẹgbẹ́ Ikorodu City gòkè wọ líìgì àgbà orílẹ̀-èdè wa. Inú wa dùn dé ìdí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi orúkọ ìlú wọn yangàn fún àwọn ará Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, pápá Mobolaji Johnson ní Oníkàn ni wọ́n ti ń gba àlejò. Orúkọ ìlú wa wà lára aṣọ wọn, ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀sà ni ilé wọn wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, "Mà, báwo ni a ṣe ń san owó ọkọ̀ lọ wo ará ilé ẹni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún un.

Kí ẹ má ṣe rò pé ẹlòmíràn ni mo ń dá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni rí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, dé ìpele àṣekágbá ìdíje kan tí ó wáyé ní Ẹ̀pẹ́. A kún inú bọ́ọ̀sì méjì, a gba ọ̀nà Ìtóìkín, orin ni a ń kọ títí a fi débẹ̀. Ìlú mi ni mò ń lọ. Mo wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìyàwó. Gbogbo kíláàsì àgbà ni mò ń kọ́ ní Yorùbá nígbà náà, kò sì sí ọmọ tí n kò mọ ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mọ́kànlá wa jáde, n kò rí mẹ́ta nínú wọn rí. Ọ̀kan nínú wọn ti gé irùngbọ̀n. Mo wo akọ́nimọ̀ọ́gbá wa. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Mà, ẹ má pariwo. Gbogbo ilé-ìwé ni ó ń ṣe é."

N kò pariwo. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, onírùngbọ̀n yẹn gbá bọ́ọ̀lù kan, ó lọ sínú àwọ̀n bí ẹyẹ àparò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fò sókè. Gèlè mi já sílẹ̀, n kò sì mọ̀. Ìgbà tí a ń padà bọ̀ ni ojú mi tó wálẹ̀. Ọmọ kan jókòó ní ẹ̀yìn mi nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ kíláàsì mi ni. Òun ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún wa láti ìpele àkọ́kọ́ títí dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Lọ́jọ́ àṣekágbá, omi inú ọ̀rá ni wọ́n ní kí ó máa gbé fún àwọn àlejò tí ó wọ aṣọ rẹ̀. Ó bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Mà, ṣé àwa ni a gba ife yẹn?" Mo ní kí ó jókòó dáadáa. Èsì tí mo fún un nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò tẹ orí pápá mọ́ títí ó fi jáde ilé-ìwé.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Owó tí ó wọ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé kì í ṣe ibi nìkan. Mo rántí ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nínú eré ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láàrin ilé-ìwé méjì. Kò sí dókítà ní pápá, kò sí ọkọ̀ aláìsàn. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n dáwó tí a fi gbé e lọ síbi ìtọ́jú. Bí onígbọ̀wọ́ bá wà lọ́jọ́ náà, ìyà ọmọ yẹn ì bá dín kù. Ta ni yóò sì sọ fún bàbá tí kò rí owó ilé san pé kí ó má ṣe gbọ́kàn lé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀?

Ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ọmọ àbúrò mi kan wà ní Houston ní Amẹ́ríkà, òǹwòran bọ́ọ̀lù yunifásítì ni, bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, owó ńlá ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìtọ́jú ni ti àwọn ọmọ tí ó ń làágùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n ti gbà wọ́n láàyè láti fi orúkọ àti àwòrán wọn pa owó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí ìlàjà kan tí ó jẹ́ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè san tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ láàrin ọdún kan. Ọmọ àbúrò mi ní òun gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Ó ní síbẹ̀, bí òun bá fi máa há orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti lọ sí yunifásítì mìíràn. Mo sọ fún un pé mo mọ ìrora náà; ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìwé méjèèjì. Igi gànǹgànràn má gùn-ún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Mo ka ìwé àdéhùn náà fún bàbá ọmọ, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ fi de ọmọ ọdún 16, ìdajì gbogbo ohun tí ó bá rí yóò sì jẹ́ ti aṣojú. Mo sọ fún un pé òfin FIFA kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe àdéhùn tí ó ju ọdún mẹ́ta lọ. Òfin náà kò sì gbà kí ẹgbẹ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi fún ìwọ̀nba ìdí. Mo ní kí ó gbé ìwé náà lọ fún agbẹjọ́rò kí ó tó fi ọwọ́ kàn án.

Òfin kan náà ní bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹ wá wò ó: ilé-ìwé tí kì í ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí àjọ mọ̀ kò ní ìpín níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe ka ìwé àdéhùn kò ní ìpín níbẹ̀. N kò sì béèrè ìpín. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ mi ni rẹ́jísítà, pé kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà, n kò fọwọ́ sí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀. Mo kọ tèmi. Mo kọ ọ́ pé ọmọ náà wá sí kíláàsì ní ọjọ́ 17 nínú 48, pé ó ní làákàyè, pé n kò tíì rí ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó o ní ilé-ìwé wa, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún orí rẹ̀. Inú bí bàbá rẹ̀. Ó ní mo fẹ́ dí ọmọ òun lọ́nà. Ó mú ìwé méjèèjì, ó sì jáde láì dágbére. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí n kò lè búra pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni yóò bẹ̀ mí. Ó ní, "Mà, mo ka lẹ́tà yín. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kò tíì rí irú mi?" Mo ní lóòótọ́ ni. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni mo lè máa wá fún àwọn iṣẹ́ tí mo pàdánù?" A fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ sí i, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí. Ó ń wá. Nígbà mìíràn kì í wá. Ìdánwò WAEC ń bọ̀, aṣojú náà sì ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù síbẹ̀. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò yọrí sí.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Èmi fi kún un pé ọmọ tí a kọ́, tí a wá fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ ìdùnnú, òun náà kò ní mọ ilé náà sí tirẹ̀ mọ́. Mo ṣì ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo ṣì ń wé gèlè. Ṣùgbọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ka ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tí ó ń ṣọ́lé títí dé orí ẹni kọkànlá, bí ìgbà tí mo bá ń pe rẹ́jísítà. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ wa, bí wọ́n tilẹ̀ nà wá ní ayò márùn-ún, mo lè dá ọmọ inú bọ́ọ̀sì ọjọ́sí lóhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wá síwájú yín, kí ni ẹ ó kọ? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí a kọ nípa yín? Mo ń retí èsì yín. Ire o.